Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Ẹ bá mi wo ìwọ̀-oòrùn, lókè àwọn páànù tó ti dógùn-ún yẹn. NEPA ti múná lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run á hàn dáadáa. Òṣùpá lé tín-ín-rín. Èyí tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣẹ́jú bí ìràwọ̀ ńkọ́? Àgùàlà ni, tí òyìnbó ń pè ní Venus. Ó ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá oṣù ni.

Irọ́ ni o. Àgùàlà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé wa yìí lóbìírí. Kò ní iná tirẹ̀, ti oòrùn ló ń tàn sí wa lójú. Irú wọn là ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n ń yí oòrùn po: Mercury ló sún mọ́ ọn jù, Àgùàlà tẹ̀lé e, ayé wa ṣìkẹta, kó tó kan Mars, Jupiter, Saturn, Uranus àti Neptune. Bí tíṣà yín bá kọ́ yín ní mẹ́sàn-án, kò purọ́. Ọdún 2006 ni wọ́n yọ Pluto kúrò.

Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó? Ẹ gbé ọpọ́n tó fẹ̀ ní mítà kan sí oríta Takie, kó jẹ́ oòrùn. Ẹ rìn tó mítà 107, ẹ sọ ẹyọ ẹ̀wà kan sílẹ̀: ayé nìyẹn, tòun ti ààfin Ṣọ̀ún, tòun tọjà. Òṣùpá ò ju horo jéró lọ, kò sì ní jìnnà sí ẹ̀wà yẹn ju rúlà ọmọ ilé-ìwé kan lọ. Jupiter á tó mángòrò ńlá, á jìnnà sí ọpọ́n ju ìdajì kìlómítà lọ. Fún Neptune, ẹ pe ọlọ́kadà. Kìlómítà mẹ́ta ó lé ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àgùàlà, òun ló wù mí jù. Mercury ló sún mọ́ iná, síbẹ̀ Àgùàlà ló gbóná jù. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó nípọn ló bò ó bí ìdérí ìkòkò: ooru wọlé, kò rọ́nà jáde. Òjé á yọ́ níbẹ̀ bí òrí. Ẹ̀rọ Venera 13 tí ìjọba Soviet rán lọ balẹ̀ síbẹ̀ ní 1982; wákàtí méjì ó lé díẹ̀ ló lò kó tó dákẹ́.

Nítorí pé ó sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, kì í jìnnà sí i lójú ọ̀run. Ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí la fi ń rí i. Ìrọ̀lẹ́ náà ni oṣù tuntun ń lé, ni wọ́n bá pàdé. Lọ́la ẹ tún jáde wá wò ó: òṣùpá á ti sún sókè, ajá ò ní tẹ̀lé e.