Àṣíborí Ìgbàlà fún Ọkàn Tí Ń Ṣiyèméjì

Bíbélì kíkà: Mátíù 11:1-11
Àkọ́sórí: "Alábùkún fún sì ni ẹnikẹ́ni tí kò rí ohun ìkọ̀sẹ̀ nínú mi" (Mátíù 11:6).

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Kristi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí ilẹ̀ òní mọ́ bá wa láàyè. Kí olúkúlùkù wa tó gba ẹnu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé e kiri nínú ọkàn láìjẹ́ kí ọkọ tàbí aya pàápàá gbọ́ sí i. Ìbéèrè ni. Ó máa ń wá ní ìdájí, nígbà tí oorun bá ti dá lójú ènìyàn tí ará ilé kò sì tí ì jí, a sì máa wí pé: "Ṣé lóòótọ́ ni a ti gbà ọ́ là? Bí o bá jẹ́ ọmọ Ọlọ́run, kí ló dé tí ayé rẹ fi rí báyìí?"

Àwọn kan rò pé ẹni tí kò mọ Bíbélì, tàbí ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nìkan ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń dé bá. Ẹ̀kọ́ kíkà wa ní òwúrọ̀ yìí kò fi àyè sílẹ̀ fún èrò yẹn, nítorí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni ó béèrè nínú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ni ó dúró létí odò Jọ́dánì tí ó rí Ẹ̀mí tí ó sọ̀ kalẹ̀ bí àdàbà tí ó sì bà lé Jésù. Òun ni ó tọ́ka sí Olúwa wa tí ó wí pé, "Wò ó, Ọ̀dọ́-Àgùntàn Ọlọ́run, ẹni tí ó kó ẹ̀ṣẹ̀ ayé lọ" (Jòhánù 1:29). Ṣùgbọ́n nígbà tí Hẹ́rọ́dù Áńtípà ti tì í mọ́lé, nítorí pé ó sọ fún un láìfi igbá bọ̀kan nínú pé kò tọ́ kí ó fi Hẹrodíà, aya arákùnrin rẹ̀, ṣe aya, Jòhánù yìí kan náà ni ó rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí Jésù pé, "Ìwọ ni ẹni tí ń bọ̀, tàbí kí a máa retí ẹlòmíràn?"

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ẹ̀wọ̀n yẹn. Josephus, òpìtàn Júù ti ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Machaerus ni wọ́n gbé Jòhánù lọ, ilé olódi kan tí ó wà lórí òkè ní ìlà-oòrùn Òkun Iyọ̀. Lúùkù 1:80 sì sọ fún wa pé inú aginjù ni Jòhánù ń gbé títí di ọjọ́ tí ó fara hàn fún Ísírẹ́lì; ẹni tí kò mọ òrùlé mìíràn ju ojú ọ̀run lọ ni wọ́n wá tì mọ́ àárín ògiri. Ìwàásù tí ó ṣe kò sì tí ì kúrò létí òun fúnra rẹ̀. Ó ti wí pé a ti fi àáké lé gbòǹgbò igi, pé ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn òun yóò gbá ilẹ̀ ìpakà rẹ̀ mọ́, yóò sì fi iná àjóòkú sun ìyàngbò. Ó ń retí kí àáké náà sọ̀ kalẹ̀. Hẹ́rọ́dù sì wà lórí oyè, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ ìbí rẹ̀, kò sí igi kankan tí a gé. Ọrùn ẹni tí ó kéde àáké ni ó wà nínú ewu.

Ibẹ̀ gan-an ni iyèméjì ti rí ọ̀nà wọlé. Jòhánù mọ ẹ̀kọ́. Ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ni kò bá ara wọn mu mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí fún wa. Kì í sábà jẹ́ àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó ń mi ìgbàgbọ́ onígbàgbọ́. Èsì àyẹ̀wò tí dókítà fi lé wa lọ́wọ́ ni, owó ilé-ìwé ọmọ tí kò tí ì pé ni, àdúrà ọmọ tí a ti ń gbà láti ìgbà ìgbéyàwó ni, ìwé ìgbélùú tí àwọn ará wa kan ń dúró dè ní òkè òkun ni. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a kó gbogbo ìwọ̀nyí síwájú Ọlọ́run, ó sì lágbára láti ṣe wọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn oníwàásù kan ti so ìgbàlà mọ́ wọn, wọ́n sì ti kọ́ ènìyàn láti máa wo àpò àti àgọ́ ara wọn kí wọ́n tó mọ̀ bóyá Kristi gbà wọ́n; lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yẹn ti bí iyèméjì nínú ìjọ ju gbogbo ẹ̀gàn àwọn aláìgbàgbọ́ lọ. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹ wá wo èsì tí Olúwa fi ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ ròyìn ohun tí wọ́n gbọ́ tí wọ́n sì rí fún Jòhánù: àwọn afọ́jú ń ríran, àwọn amúkùn-ún ń rìn, a ń wẹ àwọn adẹ́tẹ̀ mọ́, àwọn adití ń gbọ́ràn, a ń jí àwọn òkú dìde, a sì ń wàásù ìhìnrere fún àwọn òtòṣì. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a lè rí nínú ìwé wòlíì Aísáyà, ní orí 35 àti orí 61. Jòhánù kò ṣàjèjì sí ìwé náà, nítorí pé nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni í ṣe, inú Aísáyà ni ó ti mú ìdáhùn, pé òun ni ohùn ẹni tí ń kígbe ní aginjù. Ẹni tí ó bá sì mọ Aísáyà 61 yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun kan ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ tí Jésù rán. Ẹsẹ kìíní orí náà sọ̀rọ̀ nípa ìdásílẹ̀ àwọn ìgbèkùn àti ìṣísílẹ̀ túbú fún àwọn òǹdè. Olúwa kò fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà nínú túbú. Ohun tí ó fi parí iṣẹ́ náà ni àkọ́sórí wa òní.

Ọ̀rọ̀ líle ni, kò sì yẹ kí a yára fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Jésù kò bá Jòhánù wí, kò sì sọ pé nígbà tí ó ti béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kò sí ìpín fún un mọ́. Bí àwọn ìránṣẹ́ náà ti ń padà lọ ni ó yíjú sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó sì wí pé, nínú àwọn tí a bí nínú obìnrin, kò tí ì sí ẹni tí ó dìde tí ó tóbi ju Jòhánù Onítẹ̀bọmi lọ. Ọjọ́ tí Jòhánù ṣiyèméjì gan-an ni Olúwa jẹ́rìí rere yìí nípa rẹ̀. Jòhánù kò jáde láàyè nínú ẹ̀wọ̀n náà. Hẹ́rọ́dù bẹ́ ẹ lórí. Síbẹ̀, Ọ̀dọ́-Àgùntàn tí ó tọ́ka sí létí Jọ́dánì kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó lọ sórí àgbélébùú, ó kó ẹ̀ṣẹ̀ ayé lọ, ti Jòhánù náà sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí a kàn mọ́ igi ni ìgbàlà Jòhánù wà, kò sí lọ́wọ́ onítúbú tí kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù pé kí wọ́n mú àṣíborí ìgbàlà, ìyẹn akoto tí jagunjagun fi ń dáàbò bo orí, òun náà wà nínú ìdè. Ẹsẹ 20 orí kẹfà ìwé náà pè é ní ikọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ẹni tí ara tù ni ó ń kọ́ni pé kí á dáàbò bo orí. Ṣáájú ìgbà náà ni ó ti kọ̀wé sí ìjọ Tẹsalóníkà, níbi tí ìbànújẹ́ wà nítorí àwọn ará tí ó ti sùn nínú ikú kí Olúwa tó padà dé, ó sì ní kí wọ́n gbé ìgbàyà ìgbàgbọ́ àti ìfẹ́ wọ̀, àti ìrètí ìgbàlà fún àṣíborí (1 Tẹsalóníkà 5:8). Ẹ jẹ́ kí a tún rántí Aísáyà 59:17, níbi tí wòlíì ti sọ pé Olúwa fúnra rẹ̀ fi àṣíborí ìgbàlà dé orí rẹ̀, nítorí ó wò ó pé kò sí onílàjà kankan. Òun ni ó kọ́kọ́ dé e láti lọ jà fún wa, kí a tó ní kí àwa náà dé e. A kò rọ ọ́, a kò sì ná owó wa lé e.

Síbẹ̀, a ní láti dé e. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe bí ọlọ́kadà tí ó fi akoto kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ láti àárọ̀, tí kì í rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí ó bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán. Ọjọ́ Sunday nìkan ni à ń rántí pé a gbà wá là. Láti Monday sí Saturday, ìròyìn ayé, ẹ̀rù ọjà àti ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni à ń fi bọ́ ọkàn wa, ó wá ń yà wá lẹ́nu pé iyèméjì rí ibi gbá wa mú.

Kí ni a ó máa rántí nígbà náà? Pé nígbà tí a jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, Kristi kú fún wa (Róòmù 5:8). Pé ó jíǹde, ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún wa (Róòmù 8:34). Òde ara wa ni nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀. Bí inú wa bá dùn, wọn kò pọ̀ sí i, bí inú wa bá bàjẹ́, wọn kò dín kù. Jòhánù àpọ́sítélì sọ ìdí tí òun fi kọ̀wé sí àwọn tí ó gba orúkọ Ọmọ Ọlọ́run gbọ́: kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ní ìyè àìnípẹ̀kun (1 Jòhánù 5:13). Ó fẹ́ kí a mọ̀, kò fẹ́ kí a máa rò ó wò. Ẹ má sì jẹ́ kí á fi àárẹ̀ ara pe ìparun ìgbàgbọ́. Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun lábẹ́ igi júnípà, Ọlọ́run kò sì kọ́kọ́ wàásù fún un. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó rò pé òun ti pàdánù ìgbàlà kò tíì sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ kan ni.

Bí ìbéèrè náà bá tún dé ní ìdájí, ohun tí Jòhánù ṣe ni kí ẹ ṣe. Ọ̀dọ̀ Jésù gan-an ni ó rán ìbéèrè rẹ̀ sí. Kò bi àwọn Farisí, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá Mèsáyà mìíràn. Ẹ má ṣe gbé iyèméjì yín kiri láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn, lọ́dọ̀ aríran tí yóò sọ fún yín pé ẹnìkan nínú ẹbí ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún Olúwa bí ó ti rí lára yín, bíi bàbá ọmọ inú Máàkù 9 tí ó kígbe tẹkúntẹkún pé, "Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sókè kí etí yín gbọ́, nítorí onísáàmù pàápàá bá ọkàn ara rẹ̀ wí pé kí ó ní ìrètí nínú Ọlọ́run. Bí ó bá sì jẹ́ pé arákùnrin tàbí arábìnrin mìíràn ni ó wá sọ tirẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe pè é ní apẹ̀yìndà. Júúdà ẹsẹ 22 pàṣẹ pé kí á ṣàánú fún àwọn tí ń ṣiyèméjì.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, a dúpẹ́ fún oorun àti jíjí. A dúpẹ́ jù lọ fún Jésù, Ọ̀dọ́-Àgùntàn rẹ, tí ó kó ẹ̀ṣẹ̀ wa lọ kí a tó mọ̀ pé a jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Gbogbo ibi tí a ti fi ohun tí a ní tàbí ohun tí a kò ní díwọ̀n ìfẹ́ rẹ sí wa, Olúwa, dárí rẹ̀ jì wá.

Olúwa, ọwọ́ rẹ ni kí o fi dé àṣíborí ìgbàlà lé wa lórí ní òwúrọ̀ yìí. Gbogbo èrò tí ń gbé ara rẹ̀ ga sí ìmọ̀ rẹ nínú wa, dì í ní ìgbèkùn wá sí ìtẹríba fún Kristi. Nígbà tí ọ̀tá bá wí pé "bí ìwọ bá ṣe ọmọ Ọlọ́run," jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ Jésù sọ̀rọ̀ fún wa, kí Ẹ̀mí Mímọ́ sì bá ẹ̀mí wa jẹ́rìí pé ọmọ rẹ ni a jẹ́.

A mú àwọn tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n wá síwájú rẹ, àwọn tí ògiri yí ká àti àwọn tí àìsàn, gbèsè tàbí àìríṣẹ́ ti sé mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ rẹ, ṣí ilẹ̀kùn fún wọn lónìí. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá sì tíì ṣí, má ṣe jẹ́ kí wọ́n rí ohun ìkọ̀sẹ̀ nínú rẹ. Rán ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n, tí kò ní dá wọn lẹ́jọ́.

Rántí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè tí a kò rí ìdáhùn sí. Fún wa ní sùúrù láti tẹ́tí sí wọn, kí ìbínú wa má baà lé wọn jìnnà sí ọ.

Jẹ́ kí àlàáfíà rẹ, èyí tí ó ju ìmọ̀ràn gbogbo lọ, ṣọ́ ọkàn àti èrò wa ní gbogbo ọ̀nà tí a ó tọ̀ lónìí. A mọ ẹni tí a gbàgbọ́, ó sì dá wa lójú pé o lè pa ohun tí a fi lé ọ lọ́wọ́ mọ́ títí di ọjọ́ náà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa ni a gbàdúrà. Àmín.