Sólfà Ò Kí Ń Ṣe Ìwé Ọmọdé: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Akọrin Sọ

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin sopránò, álítò, báàsì, àti tẹ́nọ̀, ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ wá. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí adùn àti wàhálà inú kọ́yà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí sì ti mọ ibi tí mo máa gbà wọlé: sólfà, ìyẹn kíkọ orin sílẹ̀ ní lẹ́tà d r m f s l t.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá yọjú sí ríhásà wa báyìí, tí wọ́n rí d r m lójú pátákó, ṣe ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ẹni tí ò lè ka staff, àmì orin orí ìlà márùn-ún, kì í ṣe olórin. Ẹ bá mi bi wọ́n, kí ni wọ́n rò pé àwọn màmá wa fi kọ́ Hallelujah ti Handel tí wọ́n ń kọ ní gbogbo Kérésì láìwo ìwé? Sarah Glover ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ sólfà yìí, John Curwen wá tún un ṣe lẹ́yìn tí àwọn tíṣà Sunday school pàdé ní Hull ní 1841, tí wọ́n ní kó wá ọ̀nà ìrọ̀rùn láti kọ́ èèyàn lórin. Pásítọ̀ ni Curwen o, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n orin! Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé "dò" kì í dúró sójú kan, ibi tó bá bá ohùn wa mu la máa ń gbé e sí. Tí NẸ́PÀ bá mú iná, tí jẹnẹrétọ̀ ò dáhùn, tí kíbọ́ọ̀dù kú, ẹnì kan á gbé "dò" lẹ́nu, a ti ń lọ nìyẹn. Tí sopránò bá ń ké pé ó ti ga jù, a fà á wálẹ̀, lẹ́tà kan ò yí padà nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, tí key, ìyẹn ibi tí "dò" wà, bá ń yí léraléra láàárín orin, ó máa ń ta kókó, mo gbà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ sí kókó kejì ni màmá kan ní álítò ti dìde: "Ọ̀gá sólfà, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Yorùbá fi máa ń di nǹkan mìíràn lẹ́nu wa?"

Màmá, ẹ ti gba máìkì lọ́wọ́ mi o! Ẹ wo "Ọkàn mi yin Ọba ọ̀run". Ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ní d r m tiẹ̀: ìsàlẹ̀ ni d, àárín ni r, òkè ni m. Ohùn "ọ̀run" ń gòkè, d r, àmọ́ l s ni orin ibẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ti di Ọba ọrùn! John Goss tó kọ ohùn orin yẹn ní 1869 ò kúkú mọ̀ pé Yorùbá ń bọ̀ wá kọ ọ́. Canon J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà, ti tún irú nǹkan yìí ṣe fún wa, tó fi lọ ká orin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, T. K. E. Phillips tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Marina l'Ékòó náà sì kọ ìwé lé orin Yorùbá lórí ní 1953.

Alága ti ń wo aago. Tẹ́nọ̀ tó wọ́n, pípẹ́ dé ríhásà, owó aṣọ ìkórè, ó di ìgbà mìíràn. Ẹ̀yin kọ́yà másítà, kẹ́ ẹ tó kọ́ wọn lórin tuntun, ẹ kọ d r m ohùn ọ̀rọ̀ sábẹ́ d r m orin, ibi tí wọ́n bá ti ń jà, ẹ tún un ṣe.

Ẹnì kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé ká wá pa ti Goss tì ni. Rárá o, èmi fúnra mi kì í fi báàsì ẹ̀ ṣeré.