Ohùn Tó Wà Nínú Igi: Bach, Scarlatti àti Mozart Lórí Dùùrù Ayé Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, mo fẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ orin kan.

Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ìró kan tó ń ki gbì, gbì, lábẹ́ orin yẹn? Ìlù kọ́. Ìbọn ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń yìn sí ọkọ̀ òfuurufú ogun, ní Paris, lọ́dún 1940. Wanda Landowska ni obìnrin tó ń tẹ dùùrù náà. Ìbọn ń ró níta, kò dáwọ́ dúró. Ó tẹ sonata náà, orin dùùrù kúkúrú tí Scarlatti kọ, dé ìparí, wọ́n sì fi ìró ìbọn náà sílẹ̀ sórí àwo títí dòní.

Ohun tí mo wá bá yín sọ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé dùùrù tí Bach àti Mozart, àwọn olórin ayé àtijọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, lò jẹ́ píánò tí kò tíì dàgbà. Èrò yẹn kò tọ́. Dùùrù ìgbà náà ní ohùn tirẹ̀, inú ohùn yẹn gan-an ni orin wọn sì ti jáde. Èmi fúnra mi, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ Bach, lórí dùùrù oníná. Mo ti lé ní ogún ọdún kí n tó gbọ́ harpsichord, irú dùùrù tí Bach lò, orí àwo ni mo sì ti gbọ́ ọ. Bó ṣe rí fún púpọ̀ nínú yín nìyẹn. Àwọn dùùrù wọ̀nyí jìnnà sí wa. Àwo ló ń gbé ohùn wọn wá bá wa.

Harpsichord kì í lu wáyà, ṣe ló ń ta á. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, pẹlẹbẹ igi kan á gbéra nínú rẹ̀. Ìyẹ́ kannakánná tí wọ́n gé ṣóńṣó wà lára igi náà, òun ló máa ta wáyà bó ṣe ń kọjá. (Lónìí, ike ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò dípò ìyẹ́.) Ẹni tó bá ti gbọ́ agídìgbo rí á tètè mọ irú ìró bẹ́ẹ̀. Bí o rọra tẹ̀ ẹ́, bí o fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, bákan náà ló máa dún. Àbùkù ni àwọn kan ka èyí sí. Èmi kò gbà. Nígbà tí atẹdùùrù kò lè fi ariwo sọ̀rọ̀, àkókò ló fi ń sọ ọ́: á fa ìró kan gùn, á gé òmíràn kúrú, á jẹ́ kí èyí tó fẹ́ ká gbọ́ pẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kó tó wọlé. Ẹ fetí sí ibi tó ti ń pẹ́ yẹn.

Lọ́dún 1933, ní Paris, Landowska gba Goldberg Variations ti Bach sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi harpsichord gba iṣẹ́ náà sórí àwo. Ṣùgbọ́n harpsichord wo? Ilé iṣẹ́ Pleyel, tó ń ṣe píánò, ló kàn án bí Landowska ṣe fẹ́ ẹ lọ́dún 1912, férémù irin ló wà nínú rẹ̀. Bach kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó le, ó ń dán bí idẹ. Ṣé ká wá ju àwo náà nù? Rárá o! Ọwọ́ obìnrin yẹn ló mú kí gbogbo ayé tún yíjú padà sí harpsichord. Nígbà tí ogun dé, àwọn Násì kó àwọn dùùrù àti ìwé rẹ̀ lọ ní Saint-Leu-la-Forêt. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941, ọjọ́ tí bọ́ǹbù bọ́ sí Pearl Harbor gan-an, ló gúnlẹ̀ sí New York.

Lẹ́yìn ogun ni àwọn akàn-dùùrù tuntun dìde: Frank Hubbard àti William Dowd ní Boston, Martin Skowroneck ní Bremen. Wọ́n tú dùùrù àtijọ́ wò, wọ́n wọn ìnípọn pákó rẹ̀, wọ́n sì kan tiwọn bẹ́ẹ̀ láìfi irin sí i. Gustav Leonhardt ti Amsterdam tẹ irú wọn sórí ọ̀pọ̀ àwo. Ẹ gbọ́ Goldberg ti Landowska, kí ẹ wá gbọ́ ti Leonhardt tẹ̀lé e. Ti Leonhardt fúyẹ́, igi ń dún nínú rẹ̀, ohùn kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀ bí èèyàn mẹ́rin tí ń jíròrò. Bí ó bá sì dà bíi pé gbogbo rẹ̀ rẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe mọ orin náà lọ, àwo kọ́ ló ń falẹ̀: ìgbọ̀n 415 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń yín ohùn A sí, dípò 440 òde òní.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwo wọ̀nyí ni ti Scott Ross, atẹ-harpsichord. Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1951, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ló ti kọ́ṣẹ́. Àwọn sonata Domenico Scarlatti ló tẹ̀. Naples ni wọ́n ti bí Scarlatti ní 1685, ọdún kan náà pẹ̀lú Bach àti Handel. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún sin Maria Barbara, ọmọ ọba Portugal tó di ayaba Spain, òun ló sì kọ́ ọ ní dùùrù. Nígbà tí Ralph Kirkpatrick, atẹdùùrù ará Amẹ́ríkà, to iṣẹ́ Scarlatti lẹ́sẹẹsẹ ní 1953, sonata 555 ló kà. Bí ọdún 1985 ṣe ń sún mọ́lé, tí ìbí Scarlatti máa pé 300 ọdún, Ross gba gbogbo wọn sílẹ̀ láàárín ọdún kan lé díẹ̀. Sídìí 34 ló kún! Nínú àwọn sonata yẹn, ọwọ́ ń fò kọjá lórí ọwọ́, ẹ sì máa gbọ́ gìtá Spain nínú wáyà. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ láàárọ̀, sonata kan lóòjọ́, ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sí èyí tó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nínú 555 náà. Ross kú ní Assas, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1989. Ẹni ọdún 38 ni.

Ní Florence, ní nǹkan bí ọdún 1700, Bartolomeo Cristofori fi òòlù kéékèèké rọ́pò ìyẹ́, píánò sì dáyé. Mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù nínú tirẹ̀, ní New York, Rome àti Leipzig. Èyí tí Mozart lò, Anton Walter ló ṣe é ní Vienna, ó ṣì wà ní Salzburg. Ojú-ìtẹ̀ 61 ló ní. Ti òde òní ní 88. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 100 kílò, píánò ńlá òde òní sì lè tó 480. Nígbà tí bàbá Mozart wá kí i ní 1785, ó kọ̀wé sílé pé wọ́n ti gbé dùùrù náà jáde lọ síbi eré, ó kéré tán, ìgbà 12 láti ìgbà tí òun ti dé. Malcolm Bilson fi àdàkọ dùùrù yẹn tẹ àwọn concerto Mozart, orin tí píánò àti ẹgbẹ́ olórin jọ ń ṣe, pẹ̀lú John Eliot Gardiner àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, English Baroque Soloists, ní àwọn ọdún 1980. Nínú àwo wọn, píánò kò bá ẹgbẹ́ olórin jà rárá. Àárín wọn ló jókòó sí.

Ẹ tún wo sonata Beethoven tí gbogbo ayé ń pè ní Moonlight, ti ọdún 1801. Ó kọ ọ́ sórí ìwé pé láti ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní dé òpin rẹ̀, kí wọ́n gbé àwọn nǹkan rírọ̀ tó ń pa wáyà lẹ́nu mọ́ kúrò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí píánò òde òní, gbogbo ohùn á dàpọ̀ mọ́ra bí omi ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àmọ́ ohùn fortepiano, píánò àtijọ́ irú ti Mozart yẹn, kì í pẹ́ kó tó kú. Nígbà tí Ronald Brautigam tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù tí Paul McNulty kàn, ohùn tó ti kọjá rọra wà lẹ́yìn èyí tó ń bọ̀, bí èéfín. Beethoven mọ ohun tó ń sọ.

Ó ku ẹyọ kan, clavichord, èyí tó kéré jù lóhùn. Idẹ pẹlẹbẹ kan ló ń kan wáyà níbẹ̀, kì í sì í kúrò lára rẹ̀ títí ìka á fi gbéra. Ẹ rántí onígángan: bó bá ti lù ú tó sì fún ọsán mọ́ra, ohùn á gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni clavichord. Bí ìka bá túbọ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn á yí, á máa gbọ̀n; Bebung ni àwọn ará Jámánì ń pè é. Carl Philipp Emanuel, ọmọ Bach, fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Kirkpatrick tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi í gba ìwé méjèèjì Well-Tempered Clavier, orin tí Bach kọ, sílẹ̀. Nílé, ẹ má gbé ohùn àwo bẹ́ẹ̀ sókè, torí clavichord tó ń pariwo ti di nǹkan mìíràn. Ẹ dín in kù títí ẹ ó fi nílò láti sún mọ́ ọn.

Prelude kẹjọ inú ìwé kìíní la fẹ́ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹ bá wa tì í. Ẹ pa fáànù méjèèjì. Mo ti bẹ ẹni tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ pé kó pa á fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bátìrì ni ẹ̀rọ yìí ń lò. Ẹ fara da ooru díẹ̀. Ó yá.