Afẹ́fẹ́ Ló Ń Sọ Ọ́ Di Aró

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Manchester ni mo ti máa ń bá yín sọ̀rọ̀, àmọ́ Òṣogbo ni mo wà lálẹ́ yìí, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ẹ má bínú sí ìró jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn.

Àjọ̀dún ìwé ni mo bá wá. Láàárọ̀, àwọn òǹkọ̀wé á ka ìwé wọn fún wa. Lọ́sàn-án, wọ́n á kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí ìtàn.

Ọmọbìnrin kan dìde, ó ka ibi tí aláró kan ti ki aṣọ bọ ìkòkò, tó fà á yọ, tó sì ti dú minimini. A pàtẹ́wọ́. Ni màmá kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn bá nawọ́. Aró ti mu èékánná wọn wọlé. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, ìwé rẹ dùn. Àmọ́ aṣọ kì í ti inú ìkòkò dú jáde. Bí ewé tútù ló máa ń rí. Tó o bá nà án sáfẹ́fẹ́ ló tó máa di aró. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ la sì ń rẹ ẹ́ o." Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà." Ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sétí ìwé rẹ̀ níṣojú gbogbo wa.

Òṣogbo ìlú aró nìyẹn! Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, àti òyìnbó kan, Ulli Beier, dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Mbari Mbayo sílẹ̀ níbí ní 1962, ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari. Etí àwọn ará ìlú ló gbọ́ ọ sí "bí mo bá rí i, màá yọ̀." Ẹni tó ń gbọ́ náà ń fọwọ́ kún iṣẹ́.

Lọ́sàn-án, olùkọ́ ní ká má bi àgbà pé "ṣé báyìí ni?", torí wọ́n lè gbà fún wa kí ojú má baà tì wá. Ká ní "báwo lẹ ṣe ń ṣe é?", ká sì panu mọ́. Ká kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́.

Ibẹ̀ ló ti gún mi lọ́kàn. Aláró ni ìyá mi àgbà. Ewé èlú ni wọ́n fi ń ṣe aró. Mo gba ohùn wọn sórí fóònù kí wọ́n tó papò dà, ìṣẹ́jú 11 péré, ohùn tèmi ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Bí a bá gún èlú tán..." màá já lu ọ̀rọ̀ wọn, màá máa bi wọ́n léèrè ọdún tí wọ́n bí wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un tán, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn títí wọ́n fi lọ. Ó ń dùn mí wọra.

Ìdí tí mo fi wà níbí nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé fóònù sórí àpótí, mo ní fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé, "Mọ́mì, bí wọ́n bá gún èlú tán ńkọ́?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. Wọ́n fa àga sún mọ́ mi.

Wákàtí kan gbáko, n kò já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ gbọ́ wọn:

"A ó mọ ọ́n ní róbótó, a ó sá a sóòrùn..."