Mẹ́dà Kan fún Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Èèyàn: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Tó Wọ́de ní Selma

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni oyè ìjọba fún àwọn tí kò ní oyè kankan. Kí ló yẹ kí orílẹ̀-èdè ṣe fún ọmọ ìlú lásán tó fi ara rẹ̀ wewu kí gbogbo èèyàn lè rí ẹ̀tọ́ wọn gbà? Ìlú kan ṣoṣo ni màá fi ṣàlàyé: Selma, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lápá gúúsù Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2016, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi mẹ́dà wúrà dá àwọn tó wọ́de ní Selma lọ́dún 1965 lọ́lá. Kò sí ẹ̀yẹ tó ga ju èyí lọ tí ilé aṣòfin náà lè fún ọmọ ìlú. George Washington ni wọ́n kọ́kọ́ fún, lọ́dún 1776. Terri Sewell, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Selma tó sì ń ṣojú wọn ní ilé aṣojú-ṣòfin, ló gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀. Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí i nínú bàálù ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2015, nígbà tó ń lọ sí Selma gan-an láti lọ ṣe ìrántí àádọ́ta ọdún ìwọ́de náà.

Mẹ́dà kan ṣoṣo ni, kò sì sí orúkọ ẹnì kankan lórí òfin tó dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Gbogbo wọn ló ni ín. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan méjì. Kí n tó sọ wọ́n, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí àwọn èèyàn náà ṣe.

Nígbà náà, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti tó ìbò dì ní káńtì (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀) Dallas, níbi tí Selma wà, tó bí 15,000. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò kò ju bí 300 lọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé méjì péré lóṣù ni ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ń ṣí. Wọ́n á tò láti àárọ̀, ilẹ̀ á ṣú, kò ní kàn wọ́n. Ẹni tó bá ríbi wọlé á bá ìdánwò lórí ìwé òfin pàdé, òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun tó jókòó síbẹ̀ ló sì ń pinnu ẹni tó yege. Ẹni tó bá tún lọ tò lè dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì kí ọ̀gá ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwọ́de àwọn olùkọ́ fi máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí afárá ìlú náà, tí màá sọ láìpẹ́, lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti afárá ni gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1965, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú tó lé ní 100 tò lọ sí ilé ẹjọ́, níbi tí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ wà. Ẹni tó ṣáájú wọn ni Frederick Reese, olùkọ́ àti oníwàásù, tó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn olùdìbò níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ aláwọ̀ funfun ló ń san owó oṣù wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ó lè lé gbogbo wọn. Àwọn kan mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dání, torí wọ́n ti múra àtisùn sẹ́wọ̀n. Ṣẹ́ríìfù Jim Clark, ọ̀gá ọlọ́pàá káńtì náà, fi kóńdó tì wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n tún gòkè padà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wo àwọn tíṣà wọn. Ṣé ọmọ tó rí ìyẹn á tún lè jókòó sílé?

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n kún dẹ́múdẹ́mú. Martin Luther King kọ̀wé láti àtìmọ́lé ní Selma pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú òun pọ̀ ju àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò lọ.

Lẹ́yìn náà ni ti Jimmie Lee Jackson. Ẹni ọdún 26 ni, díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀, ó sì ti gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ní ìlú Marion tí kò jìnnà sí Selma, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ya bo àwọn tó ń wọ́de. Jackson, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ àgbà, Cager Lee, ẹni ọdún 82, sá wọ ilé oúnjẹ kan. Níbẹ̀ ni ọlọ́pàá kan ti yìnbọn fún un níkùn nígbà tó ń gbìyànjú láti gbèjà ìyá rẹ̀. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Ikú rẹ̀ ló mú kí wọ́n ní àwọn á fẹsẹ̀ rìn lọ bá gómìnà ní Montgomery.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, bí èèyàn 600 gbéra ní ṣọ́ọ̀ṣì Brown Chapel. John Lewis àti Hosea Williams ló wà níwájú. Orúkọ Edmund Pettus, ọ̀gágun tó jà fún àwọn olówó ẹrú, ni wọ́n fi pe afárá tí wọ́n gbà kọjá. Lódìkejì, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọmọọṣẹ́ Clark tó gun ẹṣin ti dúró dè wọ́n. Wọ́n yin tajútajú, wọ́n ń fi kóńdó lu àgbà, wọ́n ń lu ọmọdé. Agbárí Lewis sán. Wọ́n lu Amelia Boynton títí ó fi dákú, àwòrán rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ sì káríayé. Ọmọ ọdún 14 ni Lynda Blackmon Lowery, ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán orí rẹ̀ àti òkè ojú rẹ̀ jẹ́ 35. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ yìí wà lára àwọn tó rin máìlì 54 dé Montgomery. Ojú ọ̀nà ló ti pé ọmọ ọdún 15.

Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé wọn débẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló jẹ́ kí wọ́n pàgọ́ sórí ilẹ̀ wọn, nígbà tí gbogbo wọn mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn kan ń se oúnjẹ ní Selma, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé e bá wọn. Lójú tèmi, ẹni tó dáná àti ẹni tó fúnni nílẹ̀ ló ni mẹ́dà náà bí ẹni tó rìn ṣe ni ín. Wọ́n wọ Montgomery ní ọjọ́ 25, èrò ti di bí 25,000. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò.

Ó wá gba àádọ́ta ọdún kí mẹ́dà tó dé. Rosa Parks gba tirẹ̀ lọ́dún 1999. Lewis gba èyí tí ààrẹ ń fúnni lọ́dún 2011. Ó tọ́ sí wọn. Àmọ́ iye àwọn tó ti kú láàárín ìgbà náà kò kéré. Ìyá Boynton bá Obama kọjá lórí afárá nínú kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ó kú ní oṣù Kẹjọ, wọn ò sì tíì gbé mẹ́dà náà kalẹ̀. Reese ló bá wọn gbà á.

Ohun kìíní tó kù, tó sì ń dùn mí jù, ni pé òfin tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rà ti ń jò kí mẹ́dà náà tó dé. Ní ọdún 2013, nínú ẹjọ́ tó ti Shelby, káńtì kan ní Alabama kan náà, wá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé apá tó ń sọ àwọn ìpínlẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gba àyè ní Washington kí wọ́n tó yí ìlànà ìdìbò wọn padà. Alabama wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàdì ìdánimọ̀ alàwòrán lọ́wọ́ olùdìbò. Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ọdún tí Obama fọwọ́ sí mẹ́dà yẹn, ìpínlẹ̀ náà kéde pé òun fẹ́ ti ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀ 31 pa torí àìsówó. Púpọ̀ nínú wọn wà níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ìwé ìwakọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe káàdì ìdánimọ̀. Ìgbà táwọn èèyàn pariwo ni wọ́n tó ní àwọn á máa ṣí i lọ́jọ́ kan lóṣù. Lẹ́yìn ikú Lewis, Sewell gbé àbá kan tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin náà wá láti dá agbára òfin náà padà. Ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i lọ́dún 2021, kò rí ọ̀nà gbà kọjá ní ilé aṣòfin àgbà. Àwọn aṣòfin tó ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn arúgbó Selma mọ ohun tí àwọn arúgbó náà jà fún.

Ohun kejì tó kù ni orúkọ. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ gbogbo àwọn 600 yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Auburn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń gbé àwòrán ọjọ́ náà síta lórí Facebook, kí ẹni tó bá mọ ojú kan lè sọ pé ẹ̀gbọ́n mi nìyí, èmi nìyí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà náà ti lé ní 70 báyìí. Òfin ní kí wọ́n gbé mẹ́dà náà sí ilé ìtàn tó wà ní Selma. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba àpapọ̀ náwó sí wíwá àwọn orúkọ yìí nísinsìnyí tí àwọn tó lè dá wọn mọ̀ ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì kọ wọ́n sára ògiri ibẹ̀, ti alásè àti ti àgbẹ̀ pẹ̀lú.