Kéèkì ló lérè jù, kí ló dé tí a ò fi ní ṣe kéèkì nìkan?

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Lónìí, ìpinnu kan tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń ṣe láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì ni mo fẹ́ tú palẹ̀ lójú yín.

Ilé búrẹ́dì kan nìyí. Ohun méjì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: búrẹ́dì àti kéèkì. Èmi ni mo ṣètò àwọn nọ́ńbà yìí kí ìṣirò lè rọ̀ wá lọ́rùn. Pípò búrẹ́dì kan, ìyẹn ohun tí wọ́n pò lẹ́ẹ̀kan, ń gba kílò 10 fúláwà, ó sì ń lo wákàtí 1 nínú ààrò. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦6,000. Pípò kéèkì kan ń gba kílò 5 fúláwà, ó ń lo wákàtí 2 nínú ààrò, èrè tiẹ̀ sì jẹ́ ₦9,000. A ti yọ owó fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà kúrò kí a tó pè é ní èrè. A ò yọ owó ilé, nítorí ẹ ó san owó ilé bí ẹ yan nǹkan, bí ẹ ò yan nǹkan. Lójúmọ́, àpò fúláwà méjì ló wà nílẹ̀, ìyẹn kílò 100. Ààrò kan ṣoṣo ni, wákàtí 16 ló ń ṣiṣẹ́. Ọjà kì í ṣẹ́kù, gbogbo ohun tí wọ́n bá yan ló ń tà.

Ó yá, pípò mélòó ni kí wọ́n ṣe nínú ìkọ̀ọ̀kan?

Mo mọ ohun tó ti wà lẹ́nu yín. Kéèkì! Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ṣáà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀, ká wò ó. Tó bá jẹ́ kéèkì nìkan, pípò 8 ni ààrò máa gbà lójúmọ́. ₦72,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú àpò: kílò 60 fúláwà ṣì jókòó síbẹ̀, kò sí ààyè nínú ààrò láti yan án.

Ẹlòmíràn á ní, "Ó dáa, wákàtí ààrò ni ká fi wọ̀n ọ́n." Búrẹ́dì ń mú ₦6,000 wá ní wákàtí kan, kéèkì ń mú ₦4,500. Búrẹ́dì ló borí! Àmọ́ tí wọ́n bá ti ṣe pípò 10, fúláwà tán. ₦60,000 péré, ààrò á sì wà láìṣe nǹkan kan fún wákàtí 6. Tí ẹ bá wá fi fúláwà wọ̀n ọ́n, kéèkì tún ni: ₦1,800 lórí kílò kan, nígbà tí búrẹ́dì ń mú ₦600. Ṣé ẹ rí i? Bí ẹ bá ti yí ohun tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n padà, ìdáhùn náà á yí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ÈRÈ ORÍ ỌJÀ KAN KỌ́ LÓ MÁA SỌ OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE. OHUN TÓ Ń TÁN LỌ́WỌ́ YÍN NI! Mo tún un sọ: ohun tó ń tán lọ́wọ́ yín ni! Tó bá wá jẹ́ ohun méjì ló ń tán pọ̀, bíi ti ilé búrẹ́dì yìí, orí nìkan kì í sábà gbé e. Ibẹ̀ ni operations research, ìyẹn ìmọ̀ fífi ìṣirò ṣe ìpinnu, ti wúlò. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kó pọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ohun tó ń dí yín lọ́wọ́ sílẹ̀, kí ìṣirò wá ibi tó dára jù nínú gbogbo ibi tó ṣeé ṣe.

Ọdún 1947 ni onímọ̀ ìṣirò kan, George Dantzig, gbé ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní simplex kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó ń bá àwọn ológun òfuurufú ṣiṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi dán ìbéèrè kan wò: nínú oríṣi oúnjẹ 77, èwo ni èèyàn lè jẹ kó lè rí èròjà 9 tí ara ń fẹ́, tí owó rẹ̀ á sì kéré jù? Àwọn akọ̀wé ló jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì, iṣẹ́ tí ẹnì kan ì bá fi nǹkan bí 120 ọjọ́ ṣe. Ìdáhùn jáde: $39.69 lọ́dún kan, ní iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní 1939. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín yìí máa ṣe é kí ẹ tó ṣẹ́jú!

Ẹ ṣí Excel. Bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́múlà, mo gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní dúró síbẹ̀. Ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Solver, irinṣẹ́ tó máa bá wa wá ìdáhùn tó dára jù. Àpótí èrè ni Objective, ẹ mú Max. Àpótí iye pípò búrẹ́dì àti ti kéèkì ni kó máa yí. Fúláwà ò gbọdọ̀ ju 100 lọ, wákàtí ò gbọdọ̀ ju 16 lọ. Níbi ọ̀nà ìṣirò, Excel á ti gbé GRG Nonlinear kalẹ̀ fún yín, ẹ yí i sí Simplex LP, ọ̀nà Dantzig yẹn. Ẹ tẹ Solve.

Búrẹ́dì 8, kéèkì 4. ₦84,000. Fúláwà tán géérégé, wákàtí ààrò náà tán géérégé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á pariwo "ó ti jáde!", wọ́n á sì pa á dé. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ TÍÌ PA Á DÉ! Kí ẹ tó tẹ OK, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún, ẹ mú Sensitivity. Ojú ìwé tuntun á ṣí. Ọ̀wọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Shadow Price: fúláwà 200, ààrò 4,000. Ní tèmi, nọ́ńbà méjèèjì yìí níye lórí ju ₦84,000 yẹn lọ.

Ayẹyẹ ìgbéyàwó ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Ìrẹsì wà rẹpẹtẹ, ẹran wà, àwọn tó ń bù ú dúró wámúwámú. Àwo ni kò tó. Ìyá ìyàwó wá ní kí wọ́n gbé ìkòkò mìíràn kaná! Ìkòkò yẹn ò lè bọ́ àlejò kankan. Ọmọbìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí ìfóófòó ọṣẹ bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, tó ń fi omi ṣan àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, òun gan-an ló ń bọ́ wọn. Tí ẹ bá fẹ́ fi owó kún ibì kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Shadow Price ń sọ iye tí èrè yín máa fi lé sí i tí ẹ bá rí ẹyọ kan sí i nínú ohun tó ń tán. Ohun tí kò tán, òdo ni tiẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò kan, Leonid Kantorovich, ti rí irú nọ́ńbà yìí ní Leningrad ní Rọ́ṣíà, nínú ìṣirò tó tẹ̀ jáde ní 1939. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pákó plywood ló wá béèrè bí wọ́n ṣe lè pín igi fún ẹ̀rọ wọn. Ní 1975, òun àti Tjalling Koopmans jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìpinnu wàyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn lè fi wákàtí 3 kún un lálẹ́, ₦9,000 ni wọ́n ń gbà fún wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 4,000 lọ́nà 3, ₦12,000. Ẹ gbà fún wọn! Búrẹ́dì á di 7, kéèkì á di 6, èrè á di ₦96,000 kí ẹ tó san owó alẹ́.

Fúláwà ńkọ́? Ẹ rọra níbí, nítorí ibí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Ẹni tó rí 200 yìí á ní, "Ṣé ₦200 ni kí n ra kílò kan ni?" Rárá o! A ti yọ owó fúláwà kúrò nínú èrè látìbẹ̀rẹ̀. ₦200 yìí ni ẹ lè fi LÉ iye tí ẹ ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Tí alágbàtà bá fi ₦150 lé owó kílò tí ẹ fẹ́ fi kún un, ẹ rà á. Tó bá fi ₦250 lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ tún wo Allowable Increase lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn iye tí ẹ lè fi kún un kí ₦200 yẹn tó yí padà: 60. Tí fúláwà bá ti di kílò 160, búrẹ́dì 16 ti kún ààrò. Kílò 161 ò ní fi kọ́bọ̀ kún èrè yín.

Ọ̀kan kù. Oníbàárà kan dé, ó ní kí ẹ máa ṣe mítípáì fún òun. Pípò kan ń gba kílò 4 fúláwà àti wákàtí kan ààbọ̀ nínú ààrò, èrè rẹ̀ ₦6,500. Ó ju ti búrẹ́dì lọ, àbí? Ẹ ṣírò ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín: kílò 4 lọ́nà 200, ₦800. Wákàtí kan ààbọ̀ lọ́nà 4,000, ₦6,000. ₦6,800 ni ẹ fẹ́ gbé sílẹ̀ láti lọ gba ₦6,500. Gbogbo pípò tí ẹ bá ṣe, ₦300 ló ń já lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ fún oníbàárà yín pé ẹ ó ṣe é tí èrè ibẹ̀ bá ju ₦6,800 lọ, kí ẹ jọ dúnàádúrà láti ibẹ̀.

Tí ẹ bá ní kí Solver má fún yín ní ààbọ̀ pípò, tí ẹ mú int, kò ní gbé Sensitivity jáde mọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é láìsí int, ẹ tọ́jú ojú ìwé yẹn, lẹ́yìn náà kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú int.

Kí ló ń kọ́kọ́ tán níbi iṣẹ́ tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò yìí, ẹ kọ èrè àti ohun tí ọjà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pé, tirẹ̀ la máa gbé sínú Solver nínú fídíò tó ń bọ̀.