Ẹ máa kà á: ìgbẹ́ gbuuru lára ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ awọ

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn nọ́ọ̀sì wa sọ ní London, mo kàn tún un tẹ̀ síbí ni)

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ melanoma ni, jẹjẹrẹ awọ tó ti tàn dé ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ti òyìnbó nìkan ni, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló máa ń sá sí lára àwa aláwọ̀ dúdú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bob Marley náà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ipilimumab jáde lọ́dún 2011, pembrolizumab àti nivolumab tẹ̀lé e ní 2014. Àwọn oògùn yìí kọ́ ló ń pa jẹjẹrẹ o, ọmọ ogun ara wa ló ń pa á. Ara fi ìjánu sí wọn lẹ́nu kí wọ́n má bàa kọlu onílé, oògùn yìí á wá tú ìjánu yẹn, ẹṣin tí kò níjànu ò sì mọ oko ọ̀tá yàtọ̀ sí oko olówó ẹ̀. Ìfun, awọ, ẹ̀dọ̀, ọkàn, kò síbi tí wọn ò lè wọ̀.

Ẹ mọ CheckMate 067, ìwádìí tí wọ́n fi dán àwọn oògùn yìí wò lára àwọn tó ní melanoma, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó gba ipilimumab àti nivolumab papọ̀, ìdajì wọn ló lò ju oṣù 70 lọ láyé, àmọ́ bíi 59 nínú 100 ni oògùn ṣe léṣe tó le. Ohun tí mo ti ń pariwo látijọ́ rèé: ìwádìí míì, CheckMate 511, yí ìwọ̀n padà, ipilimumab mílígíráàmù 1 àti nivolumab 3 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, dípò ipilimumab 3 nivolumab 1, èṣe tó le já láti 48 sí 34 nínú 100. Àwọn kan á ní ìwádìí yẹn ò tóbi tó láti sọ bóyá wọ́n á pẹ́ láyé bákan náà. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí wọ́n wá jókòó ti ẹni tó yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóru kan, kí wọ́n tún un sọ níbẹ̀.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí àǹtí kan fi nawọ́ lẹ́yìn: «Dókítà, àwọn ìyá wa ò ní sọ fún yín pé àwọn ń ṣu, Imodium tó ń dá ìgbẹ́ dúró ni wọ́n á rà, tàbí kí wọ́n mu àgbo.»

Àǹtí yìí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo pa ìyókù tì. Ìgbẹ́ yìí kì í ṣe ti oúnjẹ, ìfun ni ọmọ ogun ara ń kọlù tó fi ń jó, Imodium á bò ó mọ́lẹ̀ títí ìfun á fi lu. Ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń lọ lójúmọ́? Tó bá fi 4 lé iye yẹn, kí wọ́n pè wá lọ́jọ́ náà, tó bá fi 7 lé, ọsibítù tààrà. Bàbá kan tí mo tọ́jú, ìyàwó ẹ̀ fi báírò fa ìlà sí ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìlà kan fún ìgbà kan, bàbá tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan péré tẹ́lẹ̀ di ìlà 8, màmá pè wá láago mẹ́fà àárọ̀. Sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń rọ ọmọ ogun ara lójú, la bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́, a wá rọra ń dín in kù fún ọ̀sẹ̀ 6, ẹ ò gbọdọ̀ já a lójijì. Tí kò bá gbọ́ láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ẹ má jókòó wò ó, infliximab tàbí vedolizumab, oògùn míì tó ń rọ̀ wọ́n lójú, ló kàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ló ń jó, ẹ má fún un ní infliximab o.

Alága ti ń na aago sí mi. Kíákíá: àyà dídùn, èémí kúkúrú, ọkàn lè ti ń jó nìyẹn, ìpéǹpéjú tó ń wálẹ̀ sì lè bá a rìn, kì í wọ́pọ̀ àmọ́ ó ń pa èèyàn gan-an, wákàtí yẹn ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ. Orí fífọ́ àti àárẹ̀ tí ò lọ, ẹ yẹ kọ́tísọ́ọ̀lù wò, họ́mọ̀nù tó ń fún ara lókun. Tairọ́ìdì (ẹṣẹ́ ọrùn tó ń ṣe họ́mọ̀nù) tó bà jẹ́, oògùn ojoojúmọ́ ni, ìtọ́jú jẹjẹrẹ lè máa bá a lọ.

Gbogbo èyí sì lè yọjú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, torí náà kí nọ́ńbà wa ṣì wà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, kí báírò náà so mọ́ ọn.